Ìlà Kan Nínú Ìwé Ìdílé Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, òun jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Iléṣà ni a wà, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Olùkọ́ rẹ̀ fún kíláàsì wọn ní ìṣirò mẹ́wàá láti mú relé nígbà ìsinmi, nítorí pé bàbá ìjọ kan tí Ọlọ́run ṣe lóore ti sọ pé ọmọ tó bá gbà jù yóò gba aago ògiri, irú èyí tó ń lu bí wákàtí bá pé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ìṣirò náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn án lórí. Nígbà tó ṣe, ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ní bí mo bá bá òun ṣe é, òun yóò fún mi ní àkàrà mẹ́ta.

Kò jẹ́ kí n fojú kan ìwé rẹ̀ o. Ó ń ka ìṣirò náà sí mi létí, mo ń fi èédú ṣe é sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń da ìdáhùn kọ. Àkàrà kan ni mo rí gbà.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni olùkọ́ fún un. Ẹni tó tẹ̀ lé e gba méje. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi jáde níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìkórè, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́ nítorí pé ìyá wa ń wò mí. Bí a ṣe délé, bàbá wa kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, ó gbé aago kọ́, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ọmọ tí orí rẹ̀ mọ ìṣirò ti hàn nínú ilé yìí." Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà. Èmi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ tíṣà, nítorí pé tíṣà obìnrin máa ń tètè rí ọkọ.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀kan tí mo kùnà yẹn. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo ṣì máa ń jí ní òwúrọ̀ kí n máa ṣe àwọn ìṣirò náà lọ́kàn, bí mo ṣe rántí wọn, láti mọ èyí tí mo kùnà. Mi ò rí i.

Ìṣirò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n mi níwèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi ṣe. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi gbé fáìlì láti orí tábìlì kan lọ sí orí tábìlì kejì, tó sì ń kọ "mo ti rí i" sí etí rẹ̀. Èmi tí orí mi kò mọ ìṣirò, mo bímọ tán kí n tó padà lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní yunifásítì, mo sì fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí mi ò ní dárúkọ.

Olórí ẹ̀ka wa níbẹ̀ ni ó wà ní ipò kejì nínú àwọn tó ṣẹ̀ mí. Èdè C ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan, níwájú gbogbo olùkọ́, ó ní, "Mọ́mì, C ti di ti àwọn arúgbó. Ẹ fi í sílẹ̀." Mi ò fi í sílẹ̀. Oríṣiríṣi èdè ni a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àwọn tuntun sì máa ń kẹ́ ènìyàn. C kì í kẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá tọrọ àyè láti kó nǹkan pamọ́ sí, ó fún ọ ní àyè. Bí o bá gbàgbé láti dá a padà, kò ní rán ọ létí, yóò kàn máa wò ọ́ títí àyè yóò fi tán pátá. Bí o bá rán an lọ sí ibi tí kò sí, yóò lọ, yóò sì kú síbẹ̀, kò ní sọ pé òun rí nǹkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá ṣiṣẹ́ ni kò ní ìwà tó bẹ́ẹ̀.

Ní bíi ọdún méjì sẹ́yìn, ìpàdé ẹbí wa ní Iléṣà pinnu pé kí ẹ̀gbọ́n mi àti èmi kọ ìtàn ìdílé wa sínú ìwé, nítorí pé àwa méjì nìkan ni a ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ bàbá wa. Wọn kò sọ pé "kí ẹ tó kú," ṣùgbọ́n ọ̀pá tí mo fi ń rìn ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pín in ní ìpàdé ìparí ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé nínú ilé bàbá wa ní Iléṣà. Èmi ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, nínú ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ orí kan tán, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á fi í rán awakọ̀ sí mi. Èmi á fi gègé pupa tún un ṣe, awakọ̀ á dá a padà. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí a rí ojú ìwé mẹ́rin nínú ìgbésí ayé bàbá wa àgbà lábẹ́ bátìrì ọkọ̀, tí wọ́n fi há a kí ó má baà mì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní òkè òkun ló ní òun lè fún wa ní àyè lórí ẹ̀rọ kan lọ́dọ̀ wọn, kí ìwé náà máa gbé ibẹ̀, kí kọ̀ǹpútà Iléṣà àti ti Òṣogbo máa lọ mú un níbẹ̀, kí ohun tí ẹnì kan bá kọ lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ti wà nílẹ̀. Ẹ kàn máa tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni' níbi gbogbo tó bá ti bi yín."

A tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Ètò náà wúwo lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi bí ìgbà tí a gbé odó ru ọmọ-ọwọ́. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti dàgbà, ó sì ń hó bí ìkòkò. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá tún àmì ohùn kan ṣoṣo ṣe, gbogbo ìwé náà, pẹ̀lú àwòrán àwọn òkú wa lódindi, ni ètò náà máa ń gbé lọ gbé bọ̀. Dátà mi a máa tán kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Èmi fúnra mi ni yóò kọ ètò náà."

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kọ ọ́? Inú èdè wo?"

"C."

"Àǹtí, inú C?"

"Kí lo tún fẹ́ kí n fi kọ ọ́? Èdè Faransé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí ìyá àgbà bá ní òun fẹ́ gun ọ̀pẹ ni. Mo fi í sí ipò kẹta.

Ẹ̀rọ tó wà lókèèrè, níbi tí fáìlì ń gbé, ni wọ́n ń pè ní sáfà. Ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ti ẹni, tó ń lọ kan ilẹ̀kùn sáfà, ni wọ́n ń pè ní oníbàárà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bójú tó sáfà. Oníbàárà ni iṣẹ́ tèmi. Bí mo ṣe ṣe é nìyí: oníbàárà mi á gé ìwé sí wẹ́wẹ́, á fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, á wá pe àmì náà fún sáfà bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ní òwúrọ̀. Èyí tí sáfà bá dáhùn pé ó wà lọ́dọ̀ òun, a ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá dáhùn nìkan ni a ó fi ránṣẹ́. Àwọn òkú wa lè máa sùn lórí àwòrán wọn, kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn kiri mọ́.

Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi kọ ọ́. Ó ṣubú ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ní ọjọ́ kan ọmọ náà pè mí láti òkè òkun: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn tó lé ní igba lára sáfà láti àárọ̀, ẹ ò sì ti ìkankan."

Mo wo kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Mo ń wọlé, mo ń kí wọn, mo ń ṣe ohun tí mo wá ṣe, mi ò pa ilẹ̀kùn dé nígbà tí mò ń jáde. Mo ní, "Ní Iléṣà níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa ní ọ̀sán." Lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ tún un ṣe.

Nínú kóòdù, ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń sọ gbogbo nǹkan lórúkọ, kò sì sí ìjọba tó lè dá a lẹ́jọ́. Olórí ẹ̀ka wa ìjelòó wà níbẹ̀: orúkọ rẹ̀ ni mo fún nọ́mbà tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo nígbà gbogbo. Ìyá ìjọ kan tó gba ipò mi nínú ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí a ń da pàǹtírí sí. Nígbà tí mo dé ibi tí oníbàárà yóò ti pinnu ìwé tí yóò gbà bí méjì bá yàtọ̀, mo pe àkókò tí Iléṣà kọ tirẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, mo pe àkókò tí Òṣogbo kọ tirẹ̀ ní àbúrò. Òfin náà rọrùn: èyí tó bá jẹ́ tuntun jù ni yóò borí, ìyẹn nọ́mbà àkókò tó bá tóbi jù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé bí ẹ̀gbọ́n bá ju àbúrò lọ, kí a gba ti ẹ̀gbọ́n, kí a sì kọ ọ́ bo ti àbúrò mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo mu omi, ara kò fu mí.

Mo gbé e lọ sí Iléṣà, mo fi í sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. A ṣe àdéhùn pé láti aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí àwa méjèèjì máa ṣiṣẹ́, nítorí pé àkókò yẹn ni iná máa ń wà ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá ku díẹ̀ kí márùn-ún lù, kí kálukú tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì tẹ ibi tí oníbàárà yóò ti gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tọ́jú iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ ẹ́, ní orúkọ Bàbá, ní ti Ọmọ, ní ti Ẹ̀mí Mímọ́.

Oṣù mélòó kan lọ, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ti àwọn bàbá, mo kọ ti àwọn ìyá, kálukú kò sì fọwọ́ kan orí ti ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ni ó dé orí kẹsàn-án, tó jẹ́ ti ara rẹ̀. Mo kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i níbẹ̀ pé: "Ní ọmọ ọdún méjìlá ni ó gba ẹ̀bùn ìṣirò, aago tí ó gbà sì wà nínú ilé títí di òní."

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo fi ìlà kan kún un: "Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó bá a ṣe ìṣirò náà." Ìlà kan ṣoṣo. Mi ò bú u. Mi ò dárúkọ àkàrà. Mo tẹ oníbàárà, mo sì lọ gbé ewébẹ̀ kaná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo ṣí ìwé náà, ìlà mi ti lọ.

Mo ní ó dára. Mo tún un kọ, ní ìlà mẹ́ta. Ó tún lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi ẹ̀yìn ilé ìdáná sí i, àti èédú, àti sìmẹ́ǹtì. Ó lọ. Mo fi àkàrà sí i. Ó lọ. Mo fi àkàrà méjì tí mi ò rí sí i, pẹ̀lú àlàyé pé mo béèrè wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí oṣù kẹta fi ń parí, ìlà kan náà ti di ojú ìwé méjì gbáko, mo sì ti ń kọ ọ́ láìwo ohunkóhun, bí ẹni ń ka Orin Dáfídì. Gbogbo ohun mìíràn tí mo bá tún ṣe nínú orí náà ní ọjọ́ kan náà ń bá a lọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò ka ìyẹn sí. Lójú mi, ó ń fi wọ́n bo ìwà rẹ̀ lójú ni.

Mo máa ń pè é lẹ́yìn aago márùn-ún.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wo?"

"Iṣẹ́ ìparẹ́."

"Kí ni mo pa rẹ́?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Tíṣà, ṣé o ti jẹun?"

Tíṣà ni ó máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti yìn mí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò fi sọ ohun tó sọnù fún un. Ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀ kò mọ Ìjẹ̀ṣà. Mo ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹnu mi kọ́ ni yóò fi kọ́kọ́ jáde. Inú ìwé ni mo fẹ́ kí ó wà, kí ó kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó máa bá wa tẹ ìwé sì ti sọ pé òun ń fẹ́ fáìlì ní ọjọ́ Ajé. Bí ọjọ́ Ajé bá kọjá, a ó tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, gbogbo wọn á sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló mọ ìṣirò, èmi á sì kú.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Mi ò dúró di aago márùn-ún. Mo gbé fóònù nígbà tí kọ̀ǹpútà mi sọ pé mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ti ń kírun Alásárì lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Sọ ọ́ kíá. Mo fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ mi."

"Ẹ fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ kẹ̀? Àkókò ò tíì tó."

"Báwo ni kò ṣe tíì tó?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nínú fóònù, láti Iléṣà. Gbà-ùn. Gbà-ùn. Mo kà á. Ó lù lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun ní ìlú òyìnbó, mo máa mọ aago náà.

"Aago yẹn ṣì ń lù?" mo ní.

"Aago wo ni kò ní lù? Aago tèmi?"

Aago tirẹ̀. Mo jókòó. Bàbá wa ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀rù sì máa ń bà á kí ó má baà pẹ́. Ọjọ́ tó gbé aago ẹ̀bùn náà kọ́ ni ó ti sún un síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àdúgbò. Wọ́n ń gbọ́ tí aago wa ń lù, wọ́n ń fi í múra, gbogbo òpópónà wa á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ti kọrin, á ti máa tòògbé, kí oníwàásù tó dé. Bí ọmọ kan bá fẹ́ dá aago náà padà sí ibi tó yẹ, ẹgba ni. Bàbá ní, "Aago ilé yìí kì í pẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, mo rọra ń sọ ọ́, "aago inú kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?"

"Ti ògiri ni mo fi tò ó. Kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ ń dá a padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, bí ọmọ aláìgbọràn. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, mo sì pa á. Àbí kí ẹ̀rọ máa bá mi jiyàn nínú ilé bàbá mi?"

Mo dágbére fún un. Mo mú bébà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí aago tirẹ̀ lu márùn-ún, tí òtítọ́ sì jẹ́ mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Oníbàárà rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ sáfà, ó ní, "Márùn-ún ni a kọ ọ́." Èmi tọ́jú tèmi nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí márùn-ún òtítọ́ lù, èmi ni mo kọ tèmi gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi dé ọ̀dọ̀ sáfà, ó bá márùn-ún níbẹ̀, ó wo tèmi tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní ẹ̀gbọ́n ju àbúrò lọ. Ó gbé ti ẹ̀gbọ́n wálé, ó kọ ọ́ bo tèmi mọ́lẹ̀. N ò sì fọwọ́ kan ìwé náà ní wákàtí mìíràn rí, nítorí pé àdéhùn ni àdéhùn.

Mo ka bébà náà títí dé ìsàlẹ̀. Ojú ìwé méjì mi kò tíì kúrò ní Òkè-Baálẹ̀ rí. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà pé ó ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, kò tíì ka ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń pa á rẹ́, pẹ̀lú ètò tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, nínú èdè tí mo fi ń ṣakọ.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń mú iná roko. Mo ti mú iná láti ilé tèmi.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni mo máa sọ, nítorí pé mo ti pinnu láti sọ òótọ́ nínú ìwé yìí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi wákàtí kan kún àkókò àbúrò nínú kóòdù. Ìlà kan péré ni. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Òṣogbo ni yóò máa borí. Mo kọ ìlà náà. Mo ń wò ó. Ó dára lójú, ó sì mọ́. Mo wá rántí pé bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà ti di ẹni tó gba aago tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo pa á rẹ́. Ìparẹ́ yẹn, èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ pé mo ṣe é.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo wá ṣe. Mo yọ òfin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kúrò. Bí àwa méjèèjì bá ti fọwọ́ kan ibì kan náà, kí oníbàárà má wo aago ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ó tọ́jú ìwé méjèèjì, kí ó gbé wọn síwájú ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ yan. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo kọ ojú ìwé méjì mi fún ìgbà ìkẹyìn, pẹ̀lú àkàrà, mo fi í ránṣẹ́ sí sáfà. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn kùtùkùtù, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lábẹ́ aago rẹ̀.

"Tíṣà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo wá tún oníbàárà ṣe."

"Ó ti bàjẹ́? Mo ní kí o jẹ́ ká lo ti àwọn òyìnbó."

"Aago yín ló bà á jẹ́."

"Aago tó ti wà láti ayé bàbá wa? Àgbà aago ni yóò ba ètò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde jẹ́?"

Mo fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń hó, mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orí kẹsàn-án jáde ní méjì, tirẹ̀ lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún.

"Méjì kẹ̀?" ó ní.

"Ẹ ka ti apá ọ̀tún."

Ó sún awò ojú rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń fi ètè kà á bí ó ṣe máa ń ka Bíbélì. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, mo sì ti múra ìdáhùn mẹ́fà sílẹ̀ fún ohunkóhun tó bá sọ. Ó dé ibi èédú. Ó dé ibi àkàrà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ní imú. Ó dé ibi tí mo kọ pé títí di òní mi ò mọ èwo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo kùnà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé ohun tí o fi ń bá mi jà láti oṣù mẹ́ta nìyí?"

"Òun ni."

"Mi ò tíì rí i rí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀bi aago ni."

Ó wo òkè, ó wo aago náà. Aago náà lu ẹyọ kan, nígbà tí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi sọ pé méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo rò pé ó ń wá irọ́ tí yóò pa. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn.

"Mẹ́sàn-án ni mo kà sí ọ létí. Mo tọ́jú ìkẹwàá pamọ́, mo ní kí èmi náà ṣe ọ̀kan. Òun nìkan ni olùkọ́ fa igi sí. Ìwọ ò kùnà ìkankan, Tíṣà. Kọ ìyẹn náà sí i kí o tó gbé e fún onítẹ̀wé."